Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù

Ọjọ́ Ajé, lálẹ́

Wọ́n nà wá, àwa Somerset, ẹgbẹ́ kírikẹ́ẹ̀tì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì tó àsìkò oúnjẹ ọ̀sán tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ra àlùbọ́sà, mo délé, mo sùn fún wákàtí méjì nítorí iṣẹ́ alẹ́ tó ń bọ̀ lọ́la. Orúnkún ṣì wà bó ṣe wà. Àbúrò mi kò tíì pè. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí.

Àfi ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ lẹ́yìn mi.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sẹ́yìn mi ní pápá, àwọn onífúláàsì pupa. Nígbà tí wíkẹ́ẹ̀tì wa tó kẹ́yìn ṣubú, ìyẹn ni pé wọ́n ti lé ẹni tó kẹ́yìn tó ń fi báàtì gbá a fún wa jáde, mi ò pariwo, mi ò káwọ́ lérí. Mo ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì mi ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó yẹ kí àwọn bá mi sọ̀rọ̀, kí n má baà gbé ìbànújẹ́ lọ sílé. Bàbá náà ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù."

Mo ti fi ọwọ́ yí orí mi po kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Kì í ṣe tèmi o. Inú ni mo ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ta ló máa gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní dá a padà? Nílé wa, bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì sọ pé "tí mo bá pàdánù", màmá mi á ti gba ọ̀rọ̀ náà kó tó balẹ̀: "A ò ní pàdánù o, lórúkọ Jésù." Kì í tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí ohun tó ń gé. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Èmi wá jókòó sí Taunton, ìlú tí pápá Somerset wà, nínú atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti orí àwọn òkè Quantock, ẹnì kan ń jẹ́rìí mi pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n bàbá náà kò ṣépè. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ohùn ẹni tó ń yin ènìyàn ni. Láti 2016 ni mo ti ń jókòó síwájú wọn, a kò sì tíì sọ ju "ó tutù lónìí" lọ síra wa. Bóyá ohun tó ń sọ ni pé mo ti di ọmọ ilé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìyẹn gan-an ni wọ́n fi dá mi mọ̀?

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún un. Àwa ní méjì. Ẹni tí wọ́n nà nínú ìdíje, ó fìdí rẹmi. Á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Ẹni tó pàdánù, nǹkan kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo fìdí rẹmi.

Láti 1875 tí wọ́n ti dá Somerset sílẹ̀, a kò gba Championship rí, ife ńlá tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa ń dù lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá, rárá. Ohun tí kò dé ọwọ́ ẹni rí, báwo ni wọ́n ṣe ń pàdánù rẹ̀?

Mo rò ó báyìí nínú bọ́ọ̀sì, mo sì rò pé mo ti borí bàbá náà. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti ń bá ara mi jiyàn. Nítorí ó ti dé ọwọ́ wa. Ní 2010, àmì tiwa àti ti Nottinghamshire dọ́gba, 214 sí 214; wọ́n gbé e fún wọn nítorí pé eré tí wọ́n borí ju tiwa lọ. Ní 2016, ìyẹn sáà mi àkọ́kọ́, a borí tiwa ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ wa jókòó sí Taunton, wọ́n ń wo Middlesex àti Yorkshire ní pápá Lord's ní London. Bí àwọn yẹn bá ta ọ̀mì, tiwa ni. Àwọn balógun méjèèjì wá bára wọn ṣàdéhùn kí ẹnì kan lè borí. Toby Roland-Jones ti Middlesex sì gba wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ̀ mẹ́ta léra wọn, Middlesex gbé e lọ. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni ife náà fi wà lọ́wọ́ wa. Mo mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ má sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe ìpàdánù.

2019 ńkọ́? Trescothick, tó ti ń gbá a fún wa láti 1993, ìdíje rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn. Essex wá bá wa nílé, ọ̀mì lásán ló kù fún wọn kí Championship tó di tiwọn, òjò sì bá wọn ṣe é. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ní kí Trescothick wọlé wá dúró nínú pápá. Gbogbo wa dìde. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, bàbá onífúláàsì náà sì ń wo ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St James bí ẹni tí kò rí i rí.

Ẹ má ṣàánú wa ṣá. A gba T20, ife eré kúkúrú, ní 2005, ní 2023, ní 2025. Mo jó nínú ilé ìdáná mi débi tí ará ìsàlẹ̀ fi kan àjà. Ayọ̀ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan ni T20. Ti Championship, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹsàn-án, ènìyàn á sì ti fi inú otútù àti oòrùn tọ́ ọ dàgbà kí wọ́n tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2024, oṣù Kẹsàn-án kan náà, a sún mọ́ ife mẹ́ta. Jack Leach tiwa gba wíkẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Surrey nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré kù, mo ní ó ti tó àsìkò. Gloucestershire gba T20 mọ́ wa lọ́wọ́. Glamorgan gba ife eré ọlọ́jọ́ kan. Surrey gba Championship. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta...

Bàbá mi gbá kírikẹ́ẹ̀tì ní Government College, Ibadan. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ Taunton sí mi létí, nítorí Viv Richards, ẹni tó ń gbá a fún Somerset nígbà náà, tó lu run 322 níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1985. Bàbá mi kò tẹ ibẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ Richards ni mo ń gbà wọlé. Bàbá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun wà nílé ìwé, bí òun bá ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kan báàtì òun tí wọ́n sì hán an, òun kì í dúró de ìka adájọ́. Òun á fi báàtì há abíyá, òun á máa lọ, òun kò ní wẹ̀yìn.

Fóònù ni mo fi wo ìsìnkú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo ká aṣọ ibùsùn mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ "fìdí rẹmi" ni bàbá náà ní lọ́kàn, mo gbà, ó ṣeun. Bó bá jẹ́ èkejì, ta ló sọ fún un?

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ọjọ́ Ẹtì. Ìjókòó kan náà. Màá mú ẹ̀pà sísun dání, màá yíjú sẹ́yìn, màá fi lọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá gbà á, màá bi í pé èwo ló sọ nínú méjèèjì.