Ta Ló Ń Jẹ Ajílẹ̀ Mi?

Ebè ata mẹ́rin péré ni mo kọ sẹ́yìnkùlé wa l'Ágbádárìgì. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú, tòkè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá mọ ata á ti mọ̀ pé nítrójìn, oúnjẹ inú ilẹ̀ tí ewé fi ń tutù, ni kò tó. Tó bá ti wọ́n, ata á máa fa èyí tó wà nínú ewé àgbà láti fi bọ́ ewé ọ̀dọ́.

Mo ra ajílẹ̀ fatiláísà 15-15-15, àpò 50 kílò. 15 àkọ́kọ́ nínú òǹkà yẹn ni ìdá nítrójìn nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé kílò 7 ààbọ̀ nítrójìn ló wà nínú gbogbo ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi lẹ́yìn yẹn. Mo bu díẹ̀ sídìí ata nírọ̀lẹ́, òjò sì rọ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pípọ́n ló tún ń pọ́n.

Yanrìn ni ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń di oúnjẹ bíi potásíọ́mù mú. Yanrìn ò lọ́wọ́ tó fi ń di nǹkan. Nítrójìn tó bá sì ti di nitrate, irú èyí tó ń yọ́ sínú omi, amọ̀ gan-an ò rí i dá dúró, ibi tí òjò bá ń ṣàn lọ ló ń bá a lọ. Àgbọn fara da èyí. Ata ò ní irú sùúrù yẹn.

Mo bá hú ata tó kù lọ sí àbàtà etí ọ̀sà, torí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ kú. Omi ti gba àyè afẹ́fẹ́, gbòǹgbò ò rí èémí mí. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ẹrẹ̀ náà ò rí ọ́síjìn, nitrate ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì sọ nítrójìn di afẹ́fẹ́ tó ń fò lọ. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tó ń sọ tí mo bá fa ẹsẹ̀ yọ, iṣẹ́ irú wọn náà ni. Kókò ló ń gbádùn ibẹ̀, ó ní ihò afẹ́fẹ́ nínú igi rẹ̀.

Bàbá apẹja kan, Ègùn ni wọ́n, bá mi níbẹ̀. Koríko ojú omi ti há ọkọ̀ wọn mọ́. Kì í ṣe ojúoró tá a fi ń wúre o. Èyí tó ń yọ òdòdó àlùkò ni, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, ará Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà lọ́dún 1984, lórí omi Àgbádárìgì wa níbí.

“Ẹ̀yin àgbẹ̀ lẹ̀ ń bọ́ ọ,” ni wọ́n wí. “Ẹ wá kó ọmọ yín.”

Ó dùn mí díẹ̀. Ìdọ̀tí ṣáláńgá gbogbo ìlú náà kúkú ń ṣàn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́: ajílẹ̀ mi wà nínú ohun tó ń jẹ.

Mo wọ́ koríko náà wálé, mo sá a kó má baà tún hù, omi inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé òkìtì ńlá di ẹ̀kún abọ́. Mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, mo bò ó, mo dúró kó jẹrà. Nígbà tí mo bù ú sídìí ata tuntun, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í di omi mú, ewé ò sì pọ́n mọ́.

Sátidé tó kọjá, Bàbá yọjú pẹ̀lú igbá. Wọ́n ní koríko àwọn làwọn wá gbà padà. Mo ká ata kún un.