Irin pupa ni mo kọ́kọ́ rà

Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe Mazda MX-5 mi, irú èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Kent ni mo ti lọ gbé e. Kí n tó wà á dé Peckham ní London lọ́jọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dúró. Táyà kò ní tíì jáde nínú gálọ́ọ̀pù tán tí dáṣíbọọ̀dù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gíláàsì iwájú á gbè é, dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn á máa jó débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lẹ́yìn á di mẹ́ta lójú mi.

Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin dà bí agolo tí wọ́n ti gé ojú rẹ̀. Agolo tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ẹ lè gun orí rẹ̀. Ẹ gé e lójú tán, ọwọ́ lásán tó láti tẹ̀ ẹ́ wọnú.

Èmi ò rò ó jìnnà. Mo ra strut bar, irin pupa kan tó ń dán, tó dábùú orí ẹ́ńjìnnì láti orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún dé ti òsì. Mo dè é, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n. Ìgbà tó yá ni mo mọ ìdí. Lára ọkọ̀ tó ń lo MacPherson strut, orí ṣọ́ọ̀kì gan-an ló ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lókè, irin náà sì lè wúlò níbẹ̀. Ti MX-5 kò rí bẹ́ẹ̀: apá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló di táyà kọ̀ọ̀kan mú, férémù abẹ́ ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì sì so mọ́. Ìsàlẹ̀ ni agbára ń gbà nígbà tí mo bá ń ya kọ́nà. Òkè ni mo lọ náwó sí.

Bàbá mi ló là mí lójú, láti Ìbàdàn, lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa Peugeot 504. Wọ́n ní, "Ṣé o ti wo búṣìn ẹ̀?" Búṣìn ni rọ́bà tó wà níbi tí àwọn apá yẹn ti so mọ́ férémù. Mo ní rárá, sà. "Táyà ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò.

Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tèmi kà 3109, bẹ́ẹ̀ 2019 ni mo ra ọkọ̀. Ó ti le bí igi. Rọ́bà búṣìn tiẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn, ìdajì gbígbọ̀n náà sì lọ. Mi ò tíì fi irin kankan kún un o.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìdógùn-ún. Omi òjò tó bá ṣàn lórí òrùlé aṣọ MX-5 ní ihò tó yẹ kó gbà jáde lẹ́yìn ìjókòó. Bí ewé bá dí ihò náà, inú irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lomi á lọ jókòó sí, á máa jẹ ẹ́ láti inú, ìta á sì máa dán bí awo. Wẹ́dà gé tèmi kúrò, ó fi irin tuntun sí i. Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí irin àfikún tó lè di ohun tó ti rà mú. Ibẹ̀ ló ti fi hàn mí pé irin gígùn méjì tó gba abẹ́ ìjókòó lọ ti pẹlẹbẹ: ẹnì kan ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ níbi tí kò yẹ. A fi irin tó nípọn bò wọ́n, a fi bọ́ọ̀tì dè é. Ọjọ́ yẹn gan-an ni dígí mi dúró. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè náwó sórí irin, abẹ́ ni kẹ́ ẹ kọjú sí.

Ti roll bar, irin tó tẹ̀ kọrọdọ tó máa ń dúró lẹ́yìn ìjókòó kí orí má bàa kanlẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé, yàtọ̀, ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, ọ̀ṣọ́ lásán ni: páìpù dídán tí wọ́n dè mọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò ní ẹsẹ̀ tó tì í láti ẹ̀yìn. Ìlànà FIA, àjọ tó ń bójú tó ìje ọkọ̀ lágbàáyé, fún ọkọ̀ ìje ni mo fi wọn tèmi: páìpù irin tí kò ní ojú ìjópọ̀, tó fẹ̀ tó mílímítà 45 tí irin rẹ̀ nípọn tó 2.5, tàbí 50 pẹ̀lú 2.0, àti àwo irin tó nípọn tó mílímítà 3 níbi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ọ̀tì má bàa fa ara ọkọ̀ ya. Ẹni tó ń tà á tí kò lè sọ ìwọ̀n wọ̀nyẹn, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ó kù díẹ̀ kí n ra àgò irin odindi, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé iwájú. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí, láìmọ̀. Ó ní irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan rọra gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ kò bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ kọ lu irin. Ọsibítù ni wọ́n ti rán an. Lórí pápá ìje, akoto wà lórí. Ní ìgboro, orí òfìfo ni. Fóòmù líle tí wọ́n ń wé mọ́ àgò, akoto ni wọ́n ṣe é fún, kò rọ̀ fún agbárí. Roll bar ẹ̀yìn ìjókòó, tó jìnnà sí orí, ni mo fara mọ́, mo sì sọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n má bàa rí nǹkan wí.

Ẹ má sì ra bẹ́líìtì alápá mẹ́rin ṣáájú roll bar. Ó máa ń dè èèyàn jókòó ṣánṣán. Bí ọkọ̀ bá dojú dé láìsí irin lókè, orí lẹ máa fi gbé e.

Ó ku gíga. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹnì kan gbé ọ̀pá tó gún láti orí roll bar dé orí férémù gíláàsì iwájú. Orí yín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀pá náà, tòun ti akoto. Ìgbálẹ̀ òyìnbó ni ìyàwó mi gbé lé e. Ó kàn mí ní àtàrí gbò. Mo tú àga, mo fi ọ̀bẹ gé fóòmù rẹ̀ ní nǹkan bí ìka mẹ́ta, mo tún jókòó. Màmá tó ń gbé lókè wa yọjú láti fèrèsé, wọ́n wo èmi tí mo fara mọ́ inú ọkọ̀ tí kò lórí, wọ́n wo ìyàwó mi tó na ìgbálẹ̀ sókè orí mi.

"Ìyá Tóbi! Wọn kì í fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin o!"