Sáà Kan Péré Ni Mo Fẹ́ Tọrọ

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn láti ìparí sáà tó kọjá ni bóyá kí n dá ẹ̀kọ́ mi dúró fún sáà kan, ìyẹn ọdún kan, tàbí kí n máa forí tì í bẹ́ẹ̀. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ní Adó-Èkìtì. Iyán ni màmá mi ń tà, ibẹ̀ ni owó tí mo fi ń kàwé sì ti ń wá, àmọ́ láti ìgbà tí èjìká ọ̀tún ti ń dùn wọ́n, wọn kò lè gbé ọmọ odó sókè dáadáa mọ́. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn gún un báyìí kì í gún un kúnná, oníbàárà tó bá ti kan kókó nínú iyán (ta ni kò sì mọ iyán ní Èkìtì?) kì í padà wá lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ gba ẹ̀yáwó NELFUND, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún, sísan rẹ̀ padà kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn ètò àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé owó ilé-ìwé nìkan ni ìṣòro rẹ̀, kó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. Ní tèmi, ẹni tí yóò dúró ti odó ni ilé wa ń wá.

Ohun tó wá yé mi yékéyéké ni pé ẹni tó gba àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó kàn pòórá. Nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó bá kọ̀wé, tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, tí ìwé náà sì gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka àti díìnì kọjá títí Sẹ́nétì fi fọwọ́ sí i, nọ́ńbà mátíríkì rẹ̀ yóò dúró dè é, máàkì tó ti gbà kò sì ní sọnù. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan, tí kò sì forúkọ sílẹ̀, wọ́n lè kà á sí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó sì lè di pé kó tún lọ jókòó fún ìdánwò JAMB. Nítorí náà, kí ìforúkọsílẹ̀ sáà tuntun tó parí ló yẹ kí ènìyàn ti gbé lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ orí náà ṣe kókó: ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún kó tó gboyè kò ní lọ sìnlú. Ìyẹn kò kàn mí.

Bùrọ̀dá mi ló ń bẹ̀rù jù. Wọ́n rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, wọ́n sì mọ àwọn tó fi àsìkò náà wọ iṣẹ́ owó tí wọn kò sì padà sí kíláàsì mọ́. Ẹ̀rù yẹn tọ́, torí owó ojoojúmọ́ máa ń mú kí ìwé sú ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi so ọdún náà mọ́ ohun kan ṣoṣo: kí a rí owó ẹ̀rọ ìgúnyán, kí màmá mi lè máa bá ọjà wọn lọ nígbà tí mo bá padà sí ilé-ìwé.

Mo ti kọ lẹ́tà náà, ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Màmá mi kò tíì fi gbogbo ara gbà, ṣùgbọ́n bùrọ̀dá mi ti gbà, wọ́n ní kí n ṣáà fún àwọn ní ẹ̀dà lẹ́tà tí sáà tí n óò padà wà nínú rẹ̀.