A pàgọ́ sórí òkè ní Tennessee, ọkàn mi wà ní Ògìdì

Tí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé àwa ọmọ Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Atlanta máa ń kóra wa jọ, tọmọtìyàwó, ká wakọ̀ lọ sí Great Smoky Mountains, ọgbà igbó orí òkè tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú, lọ sun inú tẹ́ǹtì láàárín igbó, ìbéèrè wọn ni pé ta ló lé yín kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjùmú ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, màmá ní "Ogun Tápà ló gbé àwọn bàbá wa dórí òkè, kí ló gbé ẹ̀yin débẹ̀?" Ọ̀rọ̀ gidi ni màmá sọ o, torí láyé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń kó wa lẹ́rú, àpáta ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn wa là.

Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ torí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Béárì dúdú pọ̀ níbẹ̀, imú wọn sì mú, torí náà tílẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo ohun tó ní òórùn, gààrí o, ẹja gbígbẹ o, ọṣẹ o, títí dórí pẹ́ẹ̀sì ìfọyín, inú báàgì la máa kó wọn sí, ká fi wáyà tí wọ́n ta sókè níbẹ̀ fà á kúrò nílẹ̀, ọmọdé ò gbọdọ̀ gbé bísíkíìtì kan wọ tẹ́ǹtì. Igi ìdáná tẹ́ ẹ gbé wá látìta ò gbọdọ̀ wọlé àfi èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀. Gbogbo ìdọ̀tí yín, ẹ̀yin lẹ máa rù ú padà.

Appalachian Trail gba orí òkè yẹn kọjá, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 3,500, láti Georgia dé Maine, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi sàmì sára igi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tún un ṣe ò sì gba kọ́bọ̀. Ọmọ àbúrò mi ló máa ń ṣíwájú wa, tó bá ti rí ọ̀dà á pariwo "Òun rèé o!", àwa àgbà á máa mí hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù.

Nílé wa ní ilẹ̀ Okun, òkè Ògìdì ńkọ́? Àwọn àpáta Ẹ̀gbẹ̀ ńkọ́? Ọyẹ́ bá dé, iná ni wọ́n ń tì bọ igbó ibẹ̀ torí ẹran ìgbẹ́, ó ń dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti ba igbó wa jẹ́, mi ò ní sọ pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sùn síbẹ̀ báyìí. Àmọ́ ọ̀sán gangan ńkọ́, òkè kan ṣoṣo, ọdẹ níwájú ọdẹ lẹ́yìn, ọ̀dà kékeré lára àpáta, káwọn ọmọ ilé-ìwé gùn ún, kí àgbàlagbà kan fi ibi táwọn bàbá wa sá pamọ́ sí hàn wọ́n. Owó ọ̀dà wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ bá wa bi àwọn àgbà ọdẹ Ògìdì bóyá wọ́n á gbà kó bọ́ sí àsìkò ọdún iṣu tuntun, torí ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ wa máa ń wálé.