Ata kọ́ ni wàhálà, irú ni

Lálaalẹ́ ni ìyá mi máa ń pè mí láti Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè kan náà ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì ni, mà."

"Mo gbọ́ ti búrẹ́dì. Oúnjẹ ńkọ́?"

Ọdún kẹfà mi rèé ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé e pé búrẹ́dì ni oúnjẹ alẹ́ níbí lóòótọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe oúnjẹ alẹ́ ọ̀hún pàápàá, Abendbrot, búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ ló túmọ̀ sí. Búrẹ́dì dúdú tó wúwo bíi bíríkì, tó kan lẹ́nu díẹ̀, bọ́tà, wàràkàṣì, kùkúmbà tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan. Kò sí ìkòkò lórí iná. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ gbígbóná; tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀bẹ àti pákó pẹlẹbẹ kan ló kù lórí tábìlì. Ní Ẹ̀pẹ́, aago mẹ́fà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ata.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹnu àwọn ará ibí, torí ẹni tó bá ń fún arúgbó lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ á mọ ohun tó ń gbé mì àti ohun tó ń tu dànù. (Màmá àti Bàbá ni ẹnu mi kọ́kọ́ ń fẹ́ pè wọ́n. Ọ̀gá mi ní rárá, Frau tàbí Herr ni kí n máa fi síwájú orúkọ wọn. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára, ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀gá ilé ìwé ni mò ń bá sọ̀rọ̀.)

Gbogbo wa nílé la máa ń sọ pé òyìnbó ò lè jẹ ata. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ní kí n tọ́ nǹkan funfun kan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja rẹ̀. Mo wò ó, ó jọ àgbọn tí wọ́n rin. Mo bu ṣíbí kan gbáko. Ahọ́n mi ò mọ nǹkan kan. Imú mi ló gbọ́. Ó gba imú gòkè, ó dé àárín orí, omi dà lójú mi pòròpòrò, mo di etí tábìlì mú. Ìyá yìí rẹ́rìn-ín títí eyín tí wọ́n ṣe fún un fi fẹ́ jábọ́. Ó ní, "Scharf, ne?"

Ọ̀rọ̀ yẹn, scharf, òun náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀bẹ. Ata tiwa a máa ta, tiwọn a máa mú. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Gbòǹgbò ewéko kan ni nǹkan funfun náà, Meerrettich ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti ń rin ín ni oró inú rẹ̀ ń fẹ́ jáde bí atẹ́gùn, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ imú, tí ìṣẹ́jú kan kì í fi í pé kó tó lọ. Ìbátan rẹ̀ ni mọ́sítádì. Oró rodo kì í fẹ́ ní tirẹ̀. Inú òróró ló ń gbé, ó ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, omi tútù kì í sì í ràn án, wàrà ló ń pa á. Rodo dà bí àlejò tó ní òun kàn yà kí ọ, tó wá sun ibẹ̀. Tiwọn kan ilẹ̀kùn gbà, ó sá lọ.

Látọjọ́ náà ni mi ò ti sọ ọ́ mọ́ pé òyìnbó ò jẹ ata. Wọ́n ń jẹ ẹ́, imú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ata tiwa gan-an kò sì ṣòroó rí. Lọ sí Steindamm, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, wàá rí rodo, wàá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti epo pupa. Tàtàṣé, ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni mo ti ń rà á. Tiwọn gùn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n ọbẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń ta Döner, ẹran yíyan tí wọ́n ń rẹ́ sínú búrẹ́dì, náà á bi ọ́ pé "scharf?" Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á fi ìka méjì wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sójú egbò. Màá ní kí wọ́n tún wọ́n ọn. Wọ́n á wojú mi, wọ́n á tún wọ́n ọn.

Irú ni wàhálà.

Ọdún kejì tí mo dé ni àbúrò mi fi irú wóró rán ẹnì kan sí mi. Ó dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó tún gbé e sínú ike bọ́tà. Ọjọ́ Sátidé ni mo fi ro ẹ̀fọ́. Bí irú ṣe kan epo gbígbóná, gbogbo ara mi sọ̀ kalẹ̀. Mo fà àga, mo jókòó síwájú iná, bíi pé ẹ̀yìnkùlé wa ni mo wà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn àbáwọlé. (Ará ibí kì í bá ọ fa ọ̀rọ̀, ìwé ló ń lẹ̀.) Wọ́n ní òórùn kan ń jáde láti inú páìpù ìdọ̀tí ní àjà kẹta, kí alábòójútó ilé jọ̀wọ́ wá wò ó. Èmi ni àjà kẹta.

Alábòójútó dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti irin gígùn. Ó tú abẹ́ síǹkì mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé imú lé ẹnu páìpù, ó mi orí. Ojú ń tì mí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìgbà tó dìde pé òun ń lọ tú ti balùwẹ̀ ni mo ṣí fìríìjì, mo gbé ike bọ́tà náà fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá ní ìyá àgbà òun máa ń tọ́jú wàràkàṣì Harz sínú ìgò lójú fèrèsé níta, torí bàbá àgbà kì í jẹ́ kó wọlé. Ó ní tèmi yìí tiẹ̀ sàn jù ú lọ díẹ̀. Ó kó irin rẹ̀, ó lọ.

Mo lọ ra wàràkàṣì ọ̀hún kí n lè mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run mi! Mo ní irú tèmi ti di lọ́fínńdà. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni: wọ́n jẹ́ kí wàrà kan, wọ́n sì jẹ́ kó yí padà, àwa se èso igbá títí tó fi rọ̀, a bó o, a bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bí ọ bá ni oúnjẹ, ti ẹni ẹlẹ́ni ni páìpù. Ní báyìí, ọjọ́ tí mo bá máa se irú, gbogbo fèrèsé ni mò ń ṣí, ì báà jẹ́ nínú yìnyín, màá sì fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo rò pé ẹja á tù mí nínú, àbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kọ́ ni mí? Ọjà ẹja wà létí odò Elbe láti 1703. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń ná an, láti aago márùn-ún ìdájí nígbà ooru àti aago méje nígbà òtútù. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Àwọn ọkùnrin ń pariwo láti orí ọkọ̀ ẹrù, àfi bí àwọn ìyá ọjà Olúwo. Ọ̀kan ń ju ẹja sínú àpò, ó ju èyí, ó ju tọ̀hún, ó tún fi méjì lé e, ó ní yúrò mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀. Ní Olúwo, ìgbà tó o bá ná ọjà tán, tó o sanwó, lo tó ń tọrọ ènì. Níbí ènì ló ń ṣáájú, wọn ò sì jẹ́ kó o ná an.

Mo ra màkẹ́rẹ́lì tí wọ́n fi èéfín yan, mo ní mo ti rí ẹja yíyan. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó fi fọ́ wẹ́wẹ́, bíi pé mo da ẹja inú agolo sí i. Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọ́n ń fi èéfín sí tiwọn kó lè dùn ni: ó rọ̀, òróró ń kán lára rẹ̀, orí búrẹ́dì tútù ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, inú fìríìjì ló sì ń gbé. Tiwa, kó má bàa bàjẹ́ ni. Ìyá mi á ká ẹja àrọ̀, á fi igi gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, á tò ó sórí àwọ̀n lókè iná jẹ́jẹ́ títí á fi gbẹ, tó fi jẹ́ pé bó o bá kan méjì mọ́ra wọn, wọ́n á dún kókó. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ lè wọ mọ́tò dé Kánò, ó sì lè wọ bàálù dé ọ̀dọ̀ mi: òfin Yúróòpù gbà kéèyàn kó ẹja tó tó 20 kìlógíráàmù wọlé fún jíjẹ ara rẹ̀. Ẹran, pọ̀nmọ́ àti wàrà ni kò gbọdọ̀ ti Nàìjíríà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di pọ̀nmọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ níbí mọ́. Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da ti ẹnì kan nù ní pápákọ̀ òfurufú, bó ṣe ń wò ó, bí ẹni ń wo òkú ni.

Ohun tó sún mọ́ ilé jù, ibi tí mi ò fọkàn sí ni mo ti rí i. Ní ọjà Kérésìmesì, wọ́n ń rin pòtétò, wọ́n ń pò ó mọ́ àlùbọ́sà, wọ́n ń dín in ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ nínú òróró. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni! Kò kù ju kí wọ́n fi ewùrà ṣe é. Mo tò sórí ìlà. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní ṣé ápùù tí wọ́n sè tó rọ̀ ni kí òun fi sí i ni àbí ṣúgà. Ápùù. Lórí ọ̀jọ̀jọ̀. Mo ní ṣé kò sí ata ni. Ó wò mí bíi pé mo ní kó da edé sínú tíì. Ojú tì mí, mo gba ápùù náà, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ìyá mi.

Ìyẹn ló tì mí tí mo fi dán ìkọ́kọrẹ́ wò pẹ̀lú pòtétò. Ewùrà a máa fà, bó o bá bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó, á di ara rẹ̀ mú. Pòtétò tú omi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀kọ mímu aláwọ̀ pupa. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá mi dáhùn pé, "Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ lóòótọ́." Ẹni tó bá mọ ilé wa á mọ ibi tó ń lọ. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni òun. Èkó Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, ọmọ àwọn tó tẹ̀lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, àwọn tó ń ṣe ọdún Káyókáyọ̀ títí dòní. Bàbá mi ò ka ìkọ́kọrẹ́ sóúnjẹ títí tó fi jáde láyé. Ìyá mi a sì máa sọ fún un pé, "Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tẹ́ ẹ ti dé, ẹ ò tíì mọ oúnjẹ onílé jẹ." Mo máa ń rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbé kùkúmbà kíkan síwájú mi.

Ti Mágì nìkan la ò jà lé. Orí tábìlì àwọn arúgbó mi ni mo ti rí ìgò rẹ̀, ìgò dúdú kan báyìí tí bébà ara rẹ̀ jẹ́ pupa àti yẹ́lò, omi dúdú ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Háà, Mágì wa!" Wọ́n ní tiwọn ni. Bẹ́ẹ̀ ará Switzerland ni Julius Maggi tó ṣe omi náà jáde ní 1886. Ó di 1908 kí èyí tó jẹ́ horo tó dé. Àwọn di ìgò mú, àwa gba horo. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa ń da á sọ́bẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò rárá. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mi se ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún, ó ro ẹ̀bà sí i. Nígbà tí mo dé òkèlè kẹta, òsúkè mú mi. Nígbà tí mo dé ẹ̀karùn-ún, imú mi ń ṣàn. Àwọn ọmọ àbúrò mi rọ̀gbà yí mi ká bíi pé eégún ni wọ́n ń wò. "Ẹ fún Òyìnbó lómi o!" Mo ní omi kọ́, wàrà ni kí wọ́n bá mi wá. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá, ẹ̀rín wọn dé ilé kejì. Rodo márùn-ún ni mò ń se níbi tí ìyá mi ti ń se ogún, mi ò mọ̀gbà tí mo dín in kù.

Mo kó ìgò Meerrettich kan fún un nínú ẹrù. Mo ní, "Mà, ẹ rọra o." Ó wò mí láti òkè délẹ̀: èmi tí òsúkè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ó bu ṣíbí kan. Ó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo imú, gèlè rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yéè! Ata wo rèé? Kò ta mí lẹ́nu, orí ló gbà lọ!"

Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó ní kí n gbé e wá kí òun tún un tọ́.

Alẹ́ àná ló pè.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kò burú. Ata imú yẹn ti tán o. Ọ̀fìnkìn mú mi níjẹta, òun ni mo fi jẹ ẹja tí imú mi fi là. Ìgò méjì ni kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀."

Mo ní kó fi irú rán ẹni náà padà sí mi. Ó ní ṣé àwọn tó ń wo páìpù ò tún ní dé báyìí.