Ẹ̀rọ Ata Tó Wà Nínú Fíìmù Mi

Àwòrán rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, torí òun nìkan la tẹjú mọ́, òun náà ló sì kó bá wa.

Fíìmù oníṣẹ́jú 8 ni, iṣẹ́ ìparí sáà wa. A pé 6, a yá kámẹ́rà, a dá owó oúnjẹ. Ìyá kan ń retí ọmọ rẹ̀ tó ń ti Èkó bọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìnkùlé àǹtí mi nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ni mo mú, nítorí bí oòrùn ṣe máa ń yọ́ gba àárín ewé máńgòrò wọlẹ̀ ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wo oòrùn yẹn. Mi ò dijú kí n tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá kan ń lọ ata lẹ́yìn ògiri. Lọ́jọ́ Sátidé, bí èèyàn bá ti ń ti ọjà dé, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Kámẹ́rà wa tó bíi mítà 4 sí òṣèré, máìkì ara rẹ̀ la sì gbọ́kàn lé. Etí èèyàn a máa ṣa ọ̀rọ̀ nínú ariwo. Máìkì ò mọ̀yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Yíàfóònù tí ǹ bá fi gbọ́ ohun tí máìkì ń gbà wà nínú báàgì mi. Kò jáde.

Lálẹ́, lórí kọ̀ǹpútà: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Gbùrùrùrù. A fọ ariwo náà títí ohùn ìyá fi dà bíi ti ẹni tó wà nínú àgbá omi. A tún ohùn gbà nínú yàrá, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Ó wá dákẹ́ jù, bíi pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìyá abẹ́ máńgòrò ti ń sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ wa ní ká padà lọ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kẹ̀! Aago 6 àárọ̀ Sunday la lọ, a dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú 2: àkùkọ kan, ìgbálẹ̀ ẹnìkan lójúde, ewé. A tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀, ìyá sì padà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Bí a ṣe ń jáde la pàdé ìyá ẹlẹ́rọ. A ròyìn fún un.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ṣe sọ fún mi? Ǹ bá pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré!"

Ó ní ṣé òun wà nínú fíìmù náà.

"Ẹ̀rọ yín ló wà níbẹ̀, mà." Ẹkún tí ìyá inú fíìmù sun ní ìṣẹ́jú kẹta ò ṣeé tún sun nínú yàrá, a sì fi í sílẹ̀ tòun ti ariwo ẹ̀rọ.