Ẹ jẹ́ kí pákó sinmi kí ẹ tó kàn án

Ọdún kẹta rèé tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́ pákó sí ilẹ̀ pálọ̀ wa níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Pákó igi líle tí wọ́n ń pè ní oak funfun ni, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, kókó igi kún ojú rẹ̀, wọn ò sì fá a dán. Irú rẹ̀ ló wù mí, torí ó ń rán mi létí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Oṣù kẹjọ ni mo ṣe é. Ooru mú, gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n já pákó sílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mo ti gbé òòlù. Nígbà tí mo parí, ìyàwó mi bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé.

Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, àárín pákó kan sí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo gbé owó ẹyọ sẹ́ńtì kan méjì léra, mo kì wọ́n bọ àlàfo náà. Wọ́n wọlé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi, wọ́n sì pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé o jẹ́ kí igi yẹn sinmi?"

"Rárá, sà. Ọjọ́ kejì tó dé ni mo kàn án."

"Ṣé o rí i rí kí n ra pákó lónìí, kí n fi kan ilẹ̀kùn lọ́la?"

Mi ò rí i rí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti máa ń tò ó, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú sáàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ. Èrò mi ni pé pákó tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ kò nílò ìyẹn mọ́. Ó nílò rẹ̀. Igi a máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á sì tún tú u sílẹ̀. Ìbú rẹ̀ ló ń wú, tó ń súnkì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí ọ̀rinrin inú pákó oak ínǹṣì 8 bá já láti ìdá 11 sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè súnkì tó mílíìmítà 3. Pákó ínǹṣì 2 kò ní súnkì tó mílíìmítà 1. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn pákó fífẹ̀ bíi tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù.

Nínú oṣù kejì, mo fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí àwọn àlàfo náà. Nígbà tí ooru padà dé, pákó wú, ó sì ti gbogbo rẹ̀ síta bí ẹní ń pọ ìdọ̀tí. Ẹ má dí i.

Nígbà tí ó kan yàrá òkè, mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú igi. Mo ṣí páálí, mo to pákó sínú yàrá náà gan-an bí bàbá mi ṣe ń tò ó, mo ti fèrèsé, mo tan ẹ̀rọ amúlétutù. Kì í ṣe iye ọjọ́ ni kí ẹ máa kà. Ẹ wọn pákó, ẹ wọn pláíwúùdù tó wà nílẹ̀ tí ẹ máa kàn án mọ́, kí ìyàtọ̀ ọ̀rinrin wọn má ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tèmi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ ṣẹ́ àyè ínǹṣì ¾ kù lẹ́bàá gbogbo ògiri kí pákó lè ráyè wú. Pákó ẹsẹ̀ ògiri á bò ó. Ẹ má fi ògiri ṣe òdiwọ̀n ìlà àkọ́kọ́, torí ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́. Okùn ni kí ẹ ta. Ẹ máa mú pákó láti inú páálí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọ̀ wọn lè dàpọ̀. Yàtọ̀ sí ìṣó, mo fa gọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìṣó nìkan kì í fẹ́ di pákó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mú dáadáa.

Ní ìgbà òtútù, a máa ń tan ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ ilé. Nínú oṣù kìíní tó kọjá, mo mú sẹ́ńtì kan lọ sí yàrá náà, mo kúnlẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé. Kò ríbi wọ̀. Mo ya fọ́tò ìyẹn náà ránṣẹ́ sí bàbá mi.